Obìnrin Ojú Fèrèsé Ilé Afárá

Gbé-e-sókè ni gbogbo ayé ń pe bàbá mi. Kì í ṣe pé wọn ò ní orúkọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ló fi èyí rọ́pò rẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹ̀ẹ́dú tàbí ọkọ̀ bíríkì bá ń bọ̀ lójú kánáàlì, tó ku díẹ̀ kó dé ibi afárá wa, ọlọ́kọ̀ á fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, á ké: "Gbé e sókè o!" Bàbá mi á jáde láti inú ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n dí ọ̀nà mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, wọ́n á di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, wọ́n á máa yí i. Afárá onígi náà á ké bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, á dìde díẹ̀díẹ̀ títí á fi nàró. Ọkọ̀ á kọjá, wọ́n á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn láti ìgbà tí irùngbọ̀n wọn ti dúdú títí tó fi funfun. Èmi náà ò bọ́ nínú ẹ̀. Ọmọ Gbé-e-sókè ni mí nílé ìwé, ẹni tó bá sì fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ á ní kí n gbé ìjókòó mi sókè kí òun kọjá.

Kánáàlì yẹn kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá. Àwọn ará àtijọ́ ló fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ la àárín ìlú kọjá, wọ́n to òkúta sí etí rẹ̀ méjèèjì. Omi rẹ̀ kì í yára. Ó máa ń rìn bí ẹni tí kò ní ibi kan pàtó tó ń lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì. Àwọn ilé gàgàrà tó fara ti ara wọn ló wà létí rẹ̀, aṣọ ń gbẹ lójú fèrèsé wọn. Ilé tiwa ló kéré jù: yàrá kan nísàlẹ̀ tí ẹ̀rọ afárá wà, yàrá kan lókè tí a ń sùn, àti fèrèsé kan ṣoṣo tó kọjú sí omi.

Inú omi yẹn ni ìyá mi kú sí, nígbà tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà. Wọ́n wọ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé èèyàn kọjá sí òdìkejì. Òjò ti ń rọ̀ láìdá, omi ti kún dé etí òkúta. Ọkọ̀ náà dojú dé. Gbogbo àwọn tó kù ni wọ́n fà yọ láàyè. Ìyá mi nìkan ni omi gbé lọ. Nígbà tí wọ́n rí òkú wọn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ń já ẹrù sí, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Màámi wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ wọn sí, wọ́n bọ́ ìborùn ara wọn, wọ́n fi bo ojú àbúrò wọn, wọ́n wá jáde dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Má wọlé," ni wọ́n sọ fún bàbá mi. "Èyí tó o mọ̀ ni kó o máa rántí."

Bàbá mi ò wọlé. Wọ́n sin ìyá mi láìjẹ́ pé ọkọ wọn tún rí ojú wọn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kánáàlì tún kún, ó wọ ilé wa, ó wọ inú àpótí tí fótò wà. Nígbà tí a ṣí i, bébà funfun tó lẹ̀ mọ́ra ni a bá. Ohun kan tó kù nínú ẹrù ìyá mi ni kóòtù wọn, kóòtù aláwọ̀ ewé kan tó nípọn, tó wà lórí ìṣó lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí omi ò dé. Bàbá mi ò gbé e kúrò níbẹ̀. Ìbátan ní kí wọ́n kó kúrò létí omi tó gba ìyàwó wọn, ọ̀rẹ́ ní kí wọ́n kó kúrò. Èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀: "Ta ni á máa gbé afárá?"

Mo dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, pàápàá kọ́tìnnì, mo lọ́kọ, mo ń gbé ní ìpẹ̀kun kejì ìlú náà. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi, màá bá wọn gbálẹ̀, màá gbọn eruku ara kóòtù náà, màá dá a padà sórí ìṣó. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti di ara ògiri.

Àárín ìgbà yẹn ni obìnrin ayàwòrán kan dé. Ìjọba ìlú ti pinnu láti wó àwọn afárá onígi, kí wọ́n fi onírin tí iná mànàmáná ń ṣí rọ́pò wọn. Wọ́n wá ní kó tó di pé àtijọ́ lọ, kí ẹnì kan ya kánáàlì náà bó ṣe rí, àwọn ilé, àwọn ọkọ̀, àwọn èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ létí ẹ̀, kí wọ́n gbé e kọ́ sínú gbọ̀ngàn ibùdókọ̀ ojú irin. Ìlú òkèèrè ni obìnrin náà ti wá. Èmi àti ẹ̀ lè jẹ́ ẹgbẹ́. Fìlà ọkùnrin kan tó gbòòrò ló máa ń dé ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn, ni wọ́n bá ń pè é ní Àǹtí Onífìlà. Òdìkejì omi, ní iwájú ilé afárá gẹ́lẹ́, ló gbé pákó àti aṣọ àwòrán ẹ̀ kalẹ̀ sí, ó tóbi bí ilẹ̀kùn méjì. Bí òjò bá dé, á gbé e wọ abẹ́ òrùlé alágbàfọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ ò rí bí àwọn èèyàn etí omi ṣe di ẹlẹ́wà lójijì. Ẹni tí kì í ya irun bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun. Alágbàfọ̀, ẹni tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹ̀ dé ibi tó ń lọ, lọ bá a.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ikùn yìí kù díẹ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Àǹtí Onífìlà dáhùn, "ọ̀dà mi ò tiẹ̀ tó láti ya gbogbo ẹ̀."

Bàbá kan tó ń fi ọkọ̀ kó ẹ̀ẹ́dú, ọ̀rẹ́ bàbá mi tímọ́tímọ́ tí à ń pè ní Ẹlẹ́ẹ̀dú, ní kó jọ̀ọ́ kó kun òun ní àwọ̀ tí ìyá òun bí òun sí. "Ó ti pẹ́ témi fúnra mi ti rí i kẹ́yìn," ló wí. Àwọn ará ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi nìkan ni kò bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan. Wọ́n ń gbé afárá wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí àwòrán náà fẹ́ parí, alágbàfọ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní ọ̀sán ni, Àǹtí Onífìlà ní kí gbogbo wọn wá wò ó kí òun tó fọwọ́ kẹ́yìn sí i. Wọ́n pé lé e lórí bí eṣinṣin. "Èmi rè é!" "Wo ìyàwó rẹ, ó ń bá ẹni ẹlẹ́ni ṣàríyànjiyàn!" Ìyàwó alágbàfọ̀ ń fi ìka tọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ onílé, títí ìka náà fi dé fèrèsé ilé afárá. Ìka náà dúró. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu wọn, láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ibẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá mi sọ afárá kalẹ̀ tí wọ́n rìn kọjá wá.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

Àwọn èèyàn náà yà fún wọn. Bàbá mi wo àwòrán náà, wọ́n sì rọra jókòó sílẹ̀ lórí òkúta tútù. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti òkè, ọlọ́kọ̀ ń ké "Gbé e sókè o! Gbé e sókè!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá mi ò dìde. Alágbàfọ̀ ní òun tòun ti ikùn òun lòun sáré lọ yí ẹ̀rọ náà.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ maṣíìnì, mo wọ bọ́ọ̀sì.

Mo rò pé màá bá wọn nínú ẹkún. Èyí tí mo bá burú jù ú lọ: inú wọn ń dùn. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n wọn. Ife tíì méjì wà lórí tábìlì lókè, wọ́n ti mu ọ̀kan tán, ìkejì kún, ó ti tutù. Wọ́n ti yí àga kan kọjú sí fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù.

"Wá," ni wọ́n wí, "wá wo ìyá rẹ."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, a sọdá afárá.

Iṣẹ́ tó dára ni, mi ò ní purọ́. Omi náà rí bó ṣe máa ń rí láàárọ̀, tí kùrukùru bá ń ru lórí ẹ̀. Ọkọ̀ ẹ̀ẹ́dú ń bọ̀, aṣọ alágbàfọ̀ ń fẹ́ lórí okùn, bàbá mi wà nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹ̀yìn wọn tó ti ń tẹ̀. Lókè wọn, lójú fèrèsé, obìnrin kan jókòó nínú aṣọ àwọ̀ ewé. Ó yí orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ojú rẹ̀ kún. Ètè rẹ̀ là díẹ̀. Irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó ń wo ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó ń wo nǹkan kan.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ kékeré ni ẹ́ nígbà náà. Kí lo fẹ́ mọ̀?"

Mo dúró títí wọ́n fi padà sídìí ẹ̀rọ, mo wá lọ bá Àǹtí Onífìlà níbi tó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ta lẹ rí lójú fèrèsé bàbá mi?"

"Ìyàwó wọn kọ́? Obìnrin tó máa ń jókòó síbẹ̀ láàárọ̀."

"Bàbá mi ò níyàwó. Ìyá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, inú omi yìí náà ni. Kóòtù wọn lẹ rí. Orí ìṣó ló wà."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ fún ìgbà pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ náà ti mọ́.

"Mo rí kóòtù náà," ló wí. "Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kóòtù. Ṣùgbọ́n kóòtù kì í yí orí."

Ara mi bù máṣọ. "Ojú yẹn wá ńkọ́? Ẹ rí i kedere?"

"Rárá o. Gíláàsì náà máa ń dán. Mo fẹ́ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ láìyà á, kó kàn jẹ́ òjìji lásán. Ọwọ́ mi ló gbé ojú yẹn jáde. Mo pa á rẹ́, mo tún un yà, òun náà ni. Mo rò pé mo ti rí irú rẹ̀ níbì kan ni."

Mi ò padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí ọkọ mi fara dà á, mo sùn sọ́dọ̀ bàbá mi fún ọjọ́ mélòó kan. Mo rí bí nǹkan ṣe dà. Wọ́n á máa bu tíì sí ife méjì. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n á ní "Mò ń bọ̀." Àwọn ọlọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé afárá kì í tètè dìde mọ́. Ẹlẹ́ẹ̀dú gbìyànjú láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín: "Gbé-e-sókè, ṣé afárá ló wúwo ni àbí ìwọ?" Bàbá mi wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru wà. Mo sọdá, mo lọ dúró gan-an níbi tí Àǹtí Onífìlà máa ń dúró sí, mo gbójú sókè. Kóòtù ni mo rí. Mo rí apá rẹ̀, mo rí ọrùn rẹ̀ tó ṣófo. Ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà náà ni ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì kọjá, òjìji rẹ̀ sì gòkè láti orí omi sórí gíláàsì. Èjìká kóòtù náà mì. Ohun tó dà bí orí là jáde lórí ọrùn tó ṣófo, ó rọra yí sí ọ̀dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé òjìji ọkọ̀ ni. Ojú mi ń rí ọkọ̀ náà, mo ń gbóòórùn búrẹ́dì. Síbẹ̀, ẹnu ara mi ni mo gbọ́ tó ń pe "Màámi."

Nígbà tí a ń jẹun ìrọ̀lẹ́, mo sọ ohun tí mo rí fún bàbá mi, pé òjìji ọkọ̀ ni, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ń jẹun wọn lọ.

"Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mélòó kan," ni wọ́n wí. "Ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni?"

"Kí ló wá dé, Bàbá? Ife méjì, àga..."

Wọ́n fi ṣíbí sílẹ̀. "Mo ti sọ ojú ìyá rẹ nù."

Mo gbé ife tèmi sílẹ̀.

"Ohùn rẹ̀ wà níbí," wọ́n fọwọ́ kan etí wọn. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn wà níbí. Òórùn ọṣẹ tó fi ń fọ irun wà níbí. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ibi ojú, òfìfo ni, bí àwo tí wọ́n ti nù. Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí, mi ò lè sọ ọ́ fún ọ. Nígbà tí mo rí àwòrán yẹn, ibi òfìfo náà kún. Ṣé kí n wá dá a padà?"

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú wọn, Bàbá."

"Ó dáa. Bá mi sọ tiwọn."

Mo dijú. "Ojú wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Eyín wọn ní àlàfo. Àmì dúdú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú wọn, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín á..."

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ lò ń sọ yẹn," ni bàbá mi wí jẹ́jẹ́.

Òótọ́ ni. Ara ẹ̀gbọ́n Màámi ni àmì yẹn wà. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jẹ́ pé obìnrin inú àwòrán náà ló jáde sí mi, tòun ti irun rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwa méjèèjì wá jókòó síbẹ̀, a ní ọ̀rọ̀, a ò ní ojú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè là wá níjà. Mo lọ mú ẹ̀gbọ́n Màámi wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti darúgbó, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò darúgbó. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá mi, wọn ò tún tẹ etí kánáàlì. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń ráhùn lójú ọ̀nà gbogbo.

"Kí ni mo fẹ́ lọ wò? Ṣé omi náà ni? Mo ti rí i tó."

Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn ju pé àwòrán kan wà. Alágbàfọ̀ gbé àga fún wọn níwájú ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń wò ó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń yẹ ẹja wò kó tó rà á.

"Ikùn alágbàfọ̀ nìyí? Ẹ̀tàn ni. Ẹlẹ́ẹ̀dú ti wẹ̀? Ayé ti fẹ́ parí nìyẹn."

Ojú wọn wá gòkè dé fèrèsé.

Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. Èmi ò mọ̀ pé agbára tó bẹ́ẹ̀ ṣì kù lára wọn. Wọ́n fà mí mọ́ra títí etí mi fi kan ẹnu wọn.

"Ta ló fi han obìnrin yìí?"

"Kí ni, Màmá?"

"Ojú tí mo bò nìyẹn."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n tún un sọ, ohùn wọn ò ju èémí lọ. "Bí wọ́n ṣe gbé e jáde nínú omi nìyẹn. Ètè ẹ̀. Irun ẹ̀. Bí ojú ẹ̀ ṣe wú. Èmi nìkan ni mo wọ yàrá yẹn. Mi ò sọ bó ṣe rí fún alààyè kankan, mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí wa."

Mo wo Àǹtí Onífìlà. Ó ń po ọ̀dà lọ́nà jíjìn sí wa, fìlà bò ó lójú. Ní ọdún tí ìyá mi kú, ọmọdé bíi tèmi lòun náà, ní ìlú òkèèrè. Mo wo òdìkejì omi. Bàbá mi wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń súfèé. Mi ò gbọ́ kí wọ́n súfèé rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

"Màmá, ẹ má sọ fún wọn," ni mo bẹ̀ wọ́n. "Òun nìkan ni wọ́n ní."

"Ọmọ yìí," ni ẹ̀gbọ́n Màámi wí, "mo fi ìborùn mi bo ojú yẹn kó lè sinmi ni. Kì í ṣe kó lè wá jókòó lójú fèrèsé, kí ọkọ ẹ̀ máa bu tíì fún un."

Wọ́n dìde, wọ́n kọ̀ kí n ran àwọn lọ́wọ́, wọ́n fi ọ̀pá sọdá afárá tí wọ́n ti búra pé àwọn ò ní tẹ̀ mọ́. Wọ́n bá bàbá mi gòkè lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èmi dúró sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀, ohùn wọn nìkan ni mò ń gbọ́, ó ń lọ sílẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń pa ọmọ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ bàbá mi. Mi ò mọ̀ pé ọkùnrin lè ké báyẹn. Ọkọ̀ bíríkì kan dé, ọlọ́kọ̀ ké "Gbé e sókè!", kò sì sí ẹlòmíì níbẹ̀ ju èmi lọ. Mo fi ẹ̀wọ̀n dí ọ̀nà, mo di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, mo yí i, omijé ń ṣàn wọ ẹnu mi. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Afárá ò lè dúró dè wá.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Bàbá mi lọ tààrà bá Àǹtí Onífìlà. Ojú wọn ti pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn wọn dúró.

"Ọmọ mi, bá mi yí i padà."

"Ṣé kí n pa á rẹ́ ni, Bàbá?"

"Rárá. Ó ti jókòó, má lé e dìde. Jẹ́ kó kọ ẹ̀yìn sí omi. Kó máa wo inú ilé."

Kò bi wọ́n léèrè ìdí. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, èmi ò rí i láìdé fìlà rí, ó sì bẹ̀rẹ̀. A dúró tì í. Ó fi ọ̀dà dúdú bo iwájú orí, ó bo ètè, ojú méjèèjì ló bò kẹ́yìn. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn orí obìnrin kan ló wà níbẹ̀, irun dídì, ọrùn kóòtù aláwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n Màámi ò ṣẹ́jú títí ó fi parí.

"Ó tó," ni wọ́n wí. "Ẹ mú mi relé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi fọ ife kejì, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n gbé kóòtù náà kúrò lórí ìṣó, wọ́n sì fi lé mi léjìká. Ó gbà mí gẹ́lẹ́. Mo wọ̀ ọ́ dé ilé, mo fi ń la òtútù kọjá láti ìgbà náà.

Wọ́n wó afárá lọ́dún kejì. Bàbá mi dúró wo bí wọ́n ṣe ń yọ pákó rẹ̀, wọ́n bú àwọn òṣìṣẹ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n yọ, wọ́n sì bá wa kó wá sí ìpẹ̀kun ìlú. Níbí, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tún àgádágodo ará àdúgbò ṣe, kí wọ́n sì máa sọ fún ọkọ mi bó ṣe yẹ kó kan ìṣó. Ní ọjọ́ kan tí ara wọn yá gágá, mo bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n Màámi sọ nínú yàrá yẹn.

"Ó sọ òótọ́ fún mi," ni wọ́n wí. "Lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó sọ ojú ìyá rẹ fún mi, èyí tí mo mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpéǹpéjú. Ó pẹ́ kó tó dé àgbọ̀n."

"Ṣé ó padà wá?"

Wọ́n rò ó. "Díẹ̀. Bí ẹni tó ń kọjá lọ lẹ́yìn kọ́tìnnì."

Èmi náà bẹ ẹ̀gbọ́n Màámi, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá lọ kí wọn, títí wọ́n fi kú. Ohun tí ẹnu lè sọ nípa ojú ni mo ní. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò wú, omi ò sì sí lára ẹ̀.

Àwòrán náà wà nínú gbọ̀ngàn ibùdókọ̀ ojú irin títí di òní. Bàbá mi ò tíì wọ ibẹ̀ rí. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń wọ̀. Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, tó jẹ́ oníbàárà mi, ní ọ̀dà àwòrán náà ti ń fẹ́lẹ́. Ó ní ohun tó wà lábẹ́ ti ń hàn. Ó ní bí oòrùn àárọ̀ bá bọ́ sí i lójú, obìnrin ojú fèrèsé yẹn dà bí ẹni tó lójú lẹ́yìn orí, pé àwọn ọmọdé tó ń dúró de ọkọ̀ kì í fẹ́ jókòó sí àga tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Mi ò sọ fún bàbá mi. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbé kọ́tìnnì lọ fún ọ́fíìsì ọ̀gá ibùdókọ̀, mo sì ní láti gba inú gbọ̀ngàn náà kọjá. Àárọ̀ ni, oòrùn ń wọlé. Mo dúró síwájú àwòrán náà. Mo rí alágbàfọ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀ tí wọ́n dín kù. Mo rí Ẹlẹ́ẹ̀dú tó mọ́ tónítóní. Àwọn méjèèjì ti kú, mo sì rẹ́rìn-ín sí wọn. Mo rí ẹ̀yìn bàbá mi nídìí ẹ̀rọ. Bí ojú mi ṣe fẹ́ gòkè sí i, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ẹrù kọ́tìnnì mi, mo di ọrùn kóòtù mi, mo jáde sí ìta.